Rím Lọ́rì Tí Mo Yí Wọ Iléèwé

Kò sí ẹni tó mọ agogo lù tó mi rí ní iléèwé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní SS2, á ní, "Àh, táímù kípà yẹn? Wèrè ni." Ìyìn ni wọ́n fi ń yìn mí o.

Iléèwé ìjọba ni, ní ìparí ìlú, níbi tí ọ̀dà títì ti tán tí ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Agogo wa kì í ṣe agogo gidi. Rím mọ́tò kékeré kan ni, wọ́n fi wáyà so ó rọ̀ sára igi máńgòrò, ọ̀pá irin la fi ń lù ú. Tí mo bá ti lù ú, tíṣà kan á jáde, òmíràn á wọlé. Tí mi ò bá lù ú, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á máa sọ̀rọ̀ lọ ni.

Mi ò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe ìfẹ́ iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ìjókòó ló máa ń pa mí. Ẹ ní kí n jókòó lójú kan fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, màá máa fa ìṣó yọ lára bẹ́ǹṣì, màá máa ta ẹni iwájú nípàá. Táímù kípà nìkan ló lè dìde láàárín ìṣirò, kó jáde lọ, kó gba atẹ́gùn, kó yà mu omi, kó tó rántí padà. Kí lèèyàn tún ń wá láyé?

Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Mo lu agogo ìparí iṣẹ́, wáyà já, rím já lu òkúta, ó là sí méjì. Wọ́n ní mo lù ú jù. Irọ́ ni, ó ti dípẹtà tipẹ́. Mo gbé ìlàjì kan sókè, mo tún un lù, ó ń dún bí ìgbà tí ọmọdé ń fi ṣíbí lu agolo mílíìkì.

Pírínsípà wa jáde wá wò ó. Obìnrin ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa la bẹ̀rù ẹ̀.

"O ti pa á báyìí, àbí?"

"Wáyà ló já mà."

"Ó dáa. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, fèrè la ó máa fọn. Olórí eléré ìdárayá ní fèrè, òun láá máa ṣe táímù kípà. Ìwọ, wá máa jókòó ní kíláàsì ẹ."

Olórí eléré yìí, ọmọkùnrin gíga kan ni, fèrè kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀, kódà tó bá ń jẹun. Ó bojú wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Agogo, ẹ kú ìfẹ̀yìntì o!"

Àwọn ọmọ tó ti péjọ síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná.

"Mà, tí mo bá wá rí òmíràn ńkọ́?"

"Kó tó di asẹ́ńbílì ọjọ́ Mọ́ńdè? Kó sì dún ju fèrè lọ?"

"Ẹ̀yin gan-an ẹ máa fọwọ́ dí etí ni mà."

Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní kí n má wá a.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, táyà ló ń lẹ̀. Ṣé ọmọ ẹni tó ń lẹ táyà ló máa wá jókòó máa sunkún nítorí rím? Àárọ̀ Sátidé ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe débẹ̀, mo mú sípánà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbogbo rím tó wà nílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lò ń lù kiri bí ẹni tó ń ra ìkòkò?" bàbá mi bi mí.

Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àyà mú.

"Torí kí o má baà jókòó ní kíláàsì lo ṣe wọ mọ́tò wá sí Ọ̀yọ́?"

"Torí iléèwé ni, bàámi."

"Torí iléèwé! Ìwọ tó ò lè jókòó jẹ iyán tán!"

Rím lọ́rì kan fẹ̀yìn ti ògiri. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Adìẹ tó sàba lẹ́yìn ẹ̀ fò jáde, ọmọ tó sùn nílé kejì sì figbe ta. Mo ní, "Èyí ni."

"Ìyẹn?" Bàbá mi ju ọwọ́ sí i. "Tó o bá lè gbé e, máa gbé e lọ."

Mi ò lè gbé e. Ta ló wá ní dandan ni kí n gbé e? Mo nà án ró, mo tì í, ó ń yí. Bàbá mi lọ mú ṣéènì kan wá, wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní, "Má fi wáyà so ó o, torí Ọlọ́run."

Ní gáréèjì, dírẹ́bà wo ẹrù mi.

"Kí nìyí?"

"Agogo ni sà."

"Agogo àwọn òmìrán?"

Àlùfáà kan tó jókòó níwájú ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbé e sẹ́yìn, ọmọ iléèwé ni." Àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá mi tó sìn mí dé gáréèjì bá mi gbé e sínú búùtù, bọ́ọ̀sì sì rẹlẹ̀ nídìí.

Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọlọ́kadà kan wo rím, ó wo mí, ó ṣáná sí ọ̀kadà ẹ̀, ó lọ. Oníkẹ̀kẹ́ ò tiẹ̀ dúró. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lọ lẹ́bàá títì nìyẹn. Nígbà tí mo fi máa dé Sábó, àwọn ọmọdé ti tò sẹ́yìn mi. Bàbá kan tó ń ta àlùbọ́sà pariwo sí mi:

"Ọmọ, mọ́tò tó kù dà?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, bàbá!"

Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ló fẹ́ dójú tì mí. Rím bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sáré lọ, èmi náà sáré tẹ̀ lé e, mò ń kígbe, "Ẹ yà o! Ẹ yà o!" Ó lọ forí sọ gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi kan tí àwọn akọrin ti ń dánra wò. Gbọ̀ọ̀ọ̀n! Orin dáwọ́ dúró. Gbogbo akọrin jáde, ọ̀gá wọn síwájú.

"Ohùn kí nìyẹn?"

"Ohùn agogo iléèwé wa ni sà."

Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ohun tí mo ti ń wá lẹ́nu yín láti àárọ̀ nìyẹn." Àwọn náà ni wọ́n bá mi fà á jáde, pẹ̀lú aṣọ dáadáa lọ́rùn. Ọwọ́ mi ti bó nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹ́gáàdì iléèwé wa, ṣùgbọ́n ó dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ kíláàsì mi bá mi fi ṣéènì fà á sórí igi. Pírínsípà dúró, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Olórí eléré ti ki fèrè bọnu.

"Ìwọ kọ́kọ́ fọn," pírínsípà sọ.

Ó fọn ọ́n. Àwa tó wà nítòsí gbọ́. Àwọn tó ń pẹ́ lẹ́yìn, tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ń rìn gẹ̀lẹ́tẹ̀ wọn lọ, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

Mo tutọ́ sọ́wọ́, mo gbé ọ̀pá irin sókè.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Olórí eléré fọwọ́ dí etí. Lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ju búrẹ́dì sápò, wọ́n bẹ́ mọ́ eré, àti ọmọ iléèwé wa, àti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò kàn rárá. Láàárín wọn, tíṣà ìṣirò wa ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n ń gbá ọlọ́kadà léjìká, "Sáré! Sáré! Wọ́n ti lu agogo!"

Pírínsípà rí wọn. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Gbé fèrè ẹ padà sórí pápá," ó sọ fún olórí eléré. Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ, ó ti tó."

Mo tún lu ẹyọ kan lé e.

Ìṣirò la kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Tíṣà wọlé, wọ́n ṣì ń nu òógùn.

"Ta ló lu nǹkan yẹn?"

Kíláàsì nawọ́ sí mi pátá.

"Èmi ni sà."

"O kúuṣẹ́. Gba ṣọ́ọ̀kì, bọ́ sójú bọ́ọ̀dù."

Bí mo bá ṣe ọ̀kan, wọ́n á kọ òmíràn sábẹ́ ẹ̀. Òógùn tí mi ò là nígbà tí mò ń yí rím, mo là á níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àsìkò agogo ti ń tó." Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn dáadáa, wọ́n ní, "Kò tíì tó." Àwọn ará ẹ̀yìn ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n wá ní, "Ó yá, máa lọ," ilẹ̀kùn jìnnà jù fún mi. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde.