Lẹ́ǹsì Tí Ìyàwó Mi Kò Rí Rà

Òórùn ògiri tó ti fa omi mu ló kọ́kọ́ pàdé wa nínú yàrá opó kan ní Ajégúnlẹ̀, lápá Òwòdé Onírin, níbi tí odò ti máa ń wọlé tọ àwọn ènìyàn bí òjò bá pọ̀. Ọkọ rẹ̀, tó fi fọ́tò yíyà jẹun títí ó fi kú, ló fi ẹrù tí obìnrin náà ń tà sílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ìyàwó mi ń ṣe ní Kétu. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá lẹ́ǹsì kámẹ́rà kan tí wọn kò ṣe mọ́, tó ṣọ̀wọ́n lọ́jà àlòkù. Òun gan-an ló wà lórí tábìlì, nínú aṣọ ìnujú.

Iye tí opó náà pè kéré débi pé kíá ni mo ti ọwọ́ bọ àpò. Ìyàwó mi dì mí lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Mọ́mì, owó yìí kò tó. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni wọ́n ń tà á. Ìlọ́po méjì ni agbára mi ká, ẹ jẹ́ kí n san án."

Obìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Látọjọ́ tí mo ti ń ta ata ní Máìlì 12, mi ò rí oníbàárà tó ń ná ọjà lọ sókè rí. Kí lẹ rí nínú rẹ̀ tí èmi ò rí?"

Ó ní òun kò tà mọ́. Ó wé e padà, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo ń fi ìfura rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yẹn, omi wọ yàrá náà. Nígbà tí opó náà pè wá, ẹrẹ̀ ti wọnú lẹ́ǹsì. Ó bèèrè iye tí lẹ́ǹsì náà tó báyìí. Ìyàwó mi fi ọwọ́ nù ún títí, kó tó dáhùn pé, "Kò tó nǹkan kan mọ́, Mọ́mì." Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé ọ̀rọ̀ òun ló fi oúnjẹ du obìnrin yẹn.

Ìyàwó mi náà ti kú báyìí. Láìpẹ́ yìí, oníṣòwò àlòkù kan wá láti Gbàgádà, ó ń wo àwọn kámẹ́rà rẹ̀. Owó tó dá lé wọn dára, kò fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe níyì tó, bẹ́ẹ̀ ni mò ń kó wọn padà sínú àpótí.

Ìgbà náà ni opó yẹn tó yé mi. Kì í ṣe pé ó fura sí wa. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ níyì, kò sì lè yọ̀ǹda rẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi, tí ọkàn rẹ̀ ìbá balẹ̀ bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sí nílé mọ́ kí n sọ ọ́ fún un.