Aṣọ Tí Àlàájà Bá Rẹ̀míláyọ̀ Tọ́jú

Gbogbo ará ilé tí Rẹ̀míláyọ̀ Akínọ̀ṣọ́ ń bá gbé ní Jakande, Ìlàsan, ló gbà pé akunlé ni. Ó ti ṣàlàyé títí, ẹnu ti ń ro ó. Láìpẹ́ yìí ni ìyá kan tún kanlẹ̀kùn rẹ̀, ó fẹ́ mọ ọ̀dà tó máa bá pálọ̀ òun mu.

Títún àwòrán àtijọ́ ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà yà sórí aṣọ tí wọ́n kàn mọ́ igi. Aṣọ yẹn ń darúgbó bí èèyàn. Atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun ń jẹ ẹ́, ooru ń jẹ ẹ́, títí yóò fi gbẹ bí ewé. Àwọn mìíràn máa ń gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ bí agbára rẹ̀ ṣe kù sí. Rẹ̀míláyọ̀ kì í gé nǹkan kan. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń gbé sẹ́yìn aṣọ náà, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó bá padà wá ló ń sọ bóyá òwú náà ṣì le.

Nítorí àìgé yìí ni Àlàájà Bàṣírát, l'Ajah, ṣe gbà á láàyè. Léèsì ni wọ́n tà títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún wọn. Àwòrán ìyá wọn ló wà lára ògiri pálọ̀. Ìyá náà kú nígbà tí wọ́n ṣì kéré, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ níbì kankan. Ojú tó wà lórí aṣọ yẹn nìkan ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ń sán.

"Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀bẹ kan ìyá mi," ni wọ́n sọ fún Rẹ̀míláyọ̀ kó tó bọ́ bàtà.

Ó gbé ẹ̀rọ sí i. Òwú náà kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lẹ aṣọ tuntun mọ́ ọn lẹ́yìn, yóò pẹ́ láyé. Àlàájà gbàdúrà fún un. Ohun tó máa fi lẹ̀ ẹ́ kò tíì dé, ló bá ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi tó ti ń palẹ̀ mọ́ ló ti sọ ọ̀rọ̀ tó sọ.

"Àlàájà, aṣọ yìí ti gbó gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa kí n tó dé."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú ẹ̀, á di odindi. Odindi wo? Ta ló ń sọ fún aláṣọ pé kó tọ́jú aṣọ, tí kò ní mọ ibi tí yóò já sí?

Nígbà tó padà dé, ògiri ṣófo. Àlàájà ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti bá ẹ tọ́jú ẹ̀. Àwọn ìṣó ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn ló fún mi ní wàhálà."

Wọ́n mú un wọ yàrá, wọ́n ṣí àpótí. Ìyá wọn wà láàárín àwọn léèsì. Wọ́n ti yọ ọ́ lára igi, wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, wọ́n fi kánfọ̀ sí i nítorí kòkòrò.

Inú bí Rẹ̀míláyọ̀ débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó bínú sí Àlàájà, ó sì bínú sí ẹnu ara rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìwé tó kà, gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé kiri, kí a má ṣáà fọwọ́ ba nǹkan jẹ́.

"Àlàájà, mo ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ ni."

"Ṣé mi ò wá tọ́jú ẹ̀ ni?"

Rẹ̀míláyọ̀ gbé àwòrán náà jáde. Ó rọra tú u. Níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ, ọ̀dà ti ṣí, ó ti dà sínú léèsì. Ibẹ̀ gan-an sì ni ojú ìyá náà wà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àlàájà.

"Ẹ má gbọn aṣọ kankan," ni Rẹ̀míláyọ̀ wí. Ó kúnlẹ̀, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó ń ṣa èépá ọ̀dà sórí ìwé funfun. Gbogbo wọn pupa rúsúrúsú, wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ.

Àlàájà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n na ìka sí àwọn èépá náà, wọn kò fọwọ́ kàn wọ́n.

"Èwo ni ojú ẹ̀ níbẹ̀?"

Rẹ̀míláyọ̀ wo àwọn èépá náà títí. Kò mọ̀.