Omi Tí Mo Ń Sẹ́ fún Ẹ̀fọ́

Òórùn ajílẹ̀ òyìnbó tó wà nínú omi kò tíì kúrò nímú mi títí di òní. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ níbikíbi, kíláàsì karùn-ún ilé-ìwé tí mo ti ṣe tíṣà ní Ìdèrè ni ọkàn mi ń lọ, pẹ̀lú àwọn gárawá tí a là sí méjì lábẹ́ fèrèsé, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó ń yọrí láti inú ihò pákó. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ dé, mo sì gbà pé ìwé àlòkù kan ṣoṣo tí mo rà ti sọ mí di ọ̀gá gbogbo àgbẹ̀ Ìbàràpá.

Ohun tí ìwé náà wí ni pé ẹ̀fọ́ lè hù láìfi gbòǹgbò kan ilẹ̀. Omi, ajílẹ̀ díẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tí yóò gbé e dúró, ó parí. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá gbẹ ọgbà ilé-ìwé, tí ẹ̀fọ́ tútù di ohun àwátì, àwa yóò máa já tiwa nínú kíláàsì. Àwọn àgbà tó ń lọ sóko máa ń yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ilẹ̀ ti tán ní Ìdèrè ni?" Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní àìmọ̀ ló ń dà á láàmú.

Àmọ́ ẹ̀fọ́ inú omi kì í mu omi díẹ̀, kànga ilé-ìwé sì gbẹ kí ọyẹ́ tó parí. Adágún tí gbogbo ìlú ń pọn jìnnà sí wa, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo sì ń rán àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí ìkà. Ọmọ iléèwé ní ń ro oko tíṣà, òun ní ń pọnmi tíṣà, bí a ṣe bá a nìyẹn. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ di oyè: ẹni tó bá mọ̀wé jù ni yóò ṣáájú àwọn apọnmi. Ọmọbìnrin alágbẹ̀dẹ ló mọ̀wé jù. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún mi pé bó bá yege ìdánwò àtiwọ girama ní kíláàsì kẹfà, òun á rán an lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdílé kan ti ń tọrọ rẹ̀ láti fi ṣaya. Obìnrin kankan kò tíì ti agboolé wọn wọ girama rí.

Bí wọ́n bá gbé omi dé, èmi fúnra mi á na aṣọ funfun lé ẹnu gárawá, màá rọra sẹ́ ẹ, kí pàǹtí má baà dí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ mi. Wọ́n sì ti kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì o, pé inú omi adágún ni aràn sobìyà ti ń wọ ara ènìyàn, pé ẹni tó bá mu ún láìsẹ́ lè rí i kó yọ lẹ́sẹ̀ òun lẹ́yìn bí ọdún kan. Omi sísè ni mo ń mu nílé. Àwọn ọmọ tí òòrùn ti pa ní tiwọn, igbá ni wọ́n fi ń bu omi mu létí adágún kí wọ́n tó ru tèmi. Mo bá wọn débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí wọn, n kò kìlọ̀ fún wọn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, mo ń tọ́jú tẹ̀tẹ̀. Alábẹ̀wò ilé-ìwé ti Èrúwà wá, ó fọwọ́ kan àwọn ewé náà, ó yìn mí títí orí mi fi wú.

Lọ́dún kejì, láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo to àwọn ọmọ jọ láti kó wọn lọ sí Igbó-Ọrà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kò sí níbẹ̀. Mo fìbínú lọ sílé wọn, mo rò pé wọ́n ti fún un lọ́kọ. Orí ẹní ni mo bá a, nínú aṣọ iléèwé tí wọ́n lọ̀, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń dán. Nǹkan funfun tín-ínrín kan ti yọrí lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti wé e mọ́ igi ìṣáná.

Ó ní, "Tíṣà, mo lè rìn." Ó dìde, ó ṣubú. Bàbá rẹ̀ gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ náà ṣe rọ̀ sílẹ̀, igbe tó ké mú kí bàbá tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ni alágbẹ̀dẹ bá ṣí fìlà, ó ń bẹ̀ mí.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Kò sẹ́ni tí sobìyà ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Tiẹ̀ ló wá yan òní."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ọlọ́run á wò ó sàn," mo sì kó àwọn yòókù lọ.

Ọ̀gá àgbà wa ní omi ló dànù, agbè kò fọ́, pé yóò ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Irọ́ ni, agbè fọ́. Sobìyà mìíràn tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, ó já sínú orúnkún rẹ̀, ọmọ náà lo oṣù mẹ́ta nílẹ̀. Kí ọdún tó yípo wọ́n ti gbé e níyàwó. Ní tèmi, wọ́n gbé mi ga lọ sí Èrúwà, pé kí n lọ máa kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ sínú omi.

Mo ti darúgbó báyìí. Bí mo bá dé Ìdèrè, mo ṣì máa ń rí i, òun náà ti ní ọmọ-ọmọ. Orúnkún kan kò ṣeé ká mọ́, síbẹ̀ yóò di ògiri mú, yóò fi èkejì kúnlẹ̀ kí mi. Á ní, "Tíṣà mi, ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí n kàwé. Ẹ̀jẹ̀ mi ni ò gbà." Á pe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n wá kí ẹni tó fẹ́ ire fún òun. Mo máa ń fà á dìde, mo ń súre fún wọn, n kò sì tíì sọ ti omi adágún náà fún un rí.