Bí Mo Ṣe Kó Ìṣáná Ilé Wa Pamọ́ Kí Wọ́n Má Baà Sun Bàbá

Èéfín ewé gbígbẹ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ti bó gbogbo ètè tó wà ní Kàbà bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Bàbá mi, tíṣà tó fẹ́ràn oko ju ṣọ́ọ̀kì lọ, ti dáná sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé, ó sì ń bu eérú sídìí igi kọfí rẹ̀ bí ẹni ń bu ọbẹ̀ fún àlejò. Ó máa ń sọ pé, "Eérú kì í ṣe ìdọ̀tí, oúnjẹ igi ni."

Ìdí iṣu sísun la jókòó sí nígbà tó là á mọ́lẹ̀: "Tí mo bá kú, ẹ má wulẹ̀ gbẹ́lẹ̀. Ẹ sun mí, kí ẹ da eérú mi sídìí kọfí wọ̀nyí."

Iṣu há ìyá rẹ̀ lọ́fun. "Bámidélé! Ṣé òkété ni mo bí ni?"

"Òkété kọ́, Ìyá. Ajílẹ̀ ni."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi èmi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo sì gbà pé ohun tí àgbà bá sọ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ro ó títí, ọgbọ́n kan sì dé: láìsí ìṣáná, ta ni yóò sun ta ni?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Páálí ìṣáná tí Màmá bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kì í pẹ́ níbẹ̀. Abẹ́ adìyẹ tó ń sàba lẹ́yìn ilé ìdáná ni mo ń kó wọn sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà mọ̀ pé kò sí àgbàlagbà tó ní làákàyè tó ń ti ọwọ́ bọ irú ibẹ̀. Adìyẹ ṣá mi lọ́wọ́ yánnayànna, mo fara dà á. Bàbá mi kúkú ni.

Màmá wá di ẹni tó ń gbé àpáàdì kiri láti tọrọ iná. Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa, kò jẹ́ kó sinmi, á kọ́kọ́ kí i ní ìkíni ìlú wa: "Okun o, ìyàwó Tíṣà! Ṣé ìṣáná lẹ fi ń jẹ ẹ̀kọ ni? Ẹ kúkú gbé ààrò wa lọ!"

Ọjọ́ tí adìyẹ kó ọmọ rẹ̀ jáde ni àṣírí tú. Páálí méje! Màmá ti mú pàṣán kí n tó pariwo pé, "Mi ò fẹ́ kí ẹ sun Bàbá!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé mi sórí itan. "Ó dáa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sun mí, àfi tí ìwọ bá ní kí wọ́n sun mí." Mo jẹ́ kó búra.

Ẹ wo ìjàngbọ̀n tí mo fọwọ́ ara mi fà! Ọyẹ́ tó kọjá ni Bàbá kú, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Gbogbo ẹbí jókòó, wọ́n ń wo ẹnu mi. Àbúrò rẹ̀ figbe ta: "A kì í sun èèyàn níbí! Aṣọ pupa tí àwọn Bùnù ń hun fún òkú àgbà ńkọ́? Kí la fẹ́ fi í bò, eérú?"

"Ẹ fi bò ó náà, Bàbá Kékeré. Aṣọ kì í bi òkú pé báwo ló ṣe ga tó."

Ẹ̀rín bọ́ láàárín ẹkún. Mo ní kí wọ́n sun ún.

Èkó, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú, la gbé e lọ. Nígbà tí à ń bọ̀, mo gbé ìkòkò eérú rẹ̀ lé itan, mo sì ń kí i ní gbogbo kòtò: "Ẹ rọra o, Bàbá." Nítòsí ìlú Ìyàrá, ọlọ́pàá kan bi mí pé kí ni mo gbé. Mo ní, "Bàbá mi ni." Ó fò sẹ́yìn, ó ṣí fìlà, ó tẹríba fún ìkòkò: "Okun o, Bàbá." A rẹ́rìn-ín débi pé dẹ́rẹ́bà kò lè wakọ̀ mọ́. Nílé, Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ pupa wé ìkòkò, ó gbé e rù, ó sì ń jó títí ó fi dé ìdí kọfí.

Ká ní ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn pàdé mi lọ́jọ́ náà, ì bá gé mi jẹ. N kò ní bá a jà. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé èèyàn lè fẹ́ràn bàbá rẹ̀, kó sì jẹ́ kó lọ bó ṣe fẹ́. Èmi náà ò tètè mọ̀ ọ́n. Ó gbà mí ju ogójì ọdún lọ, orí mi sì ti ń hewú.