Rélùwéè Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Onífáànù

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kọjú sí ilé Bàbá Onífáànù. Títì ló là wá láàárín. Bí mo bá gbójú sókè lórí maṣíìnì, ẹnu ọ̀nà wọn ni ojú mi ń bọ́ sí. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu bàbá fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Fáànù ni bàbá yìí ń tún ṣe. Fáànù àjà, fáànù orí tábìlì, fáànù tí eku ti gé wáyà rẹ̀ jẹ, kò sí èyí tí kì í gbà. Ó máa ń sọ pé òun kò ní ọ̀tá láyé yìí ju atẹ́gùn ọ̀fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni àdúgbò mọ̀ jù ú lọ. Màmá Tíkẹ́ẹ̀tì ni à ń pè é, torí pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi já tíkẹ́ẹ̀tì ní téṣàn rélùwéè, kí wọ́n tó ti ojú irin náà pa. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Bàbá wọkọ̀ lọ sí ìlú tí kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, kó sáà lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ní ẹ̀ẹ̀keje ni ọmọbìnrin bi í léèrè ohun tó tún ń lọ ṣe. Bàbá ní òun náà ò mọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Tíṣà ni, ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí Màmá Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílé kí ìgbàgbé tó bẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ ń bọ́ sínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tó yá, wọ́n wá áyọ́ọ̀nù títí, inú ìkòkò ìrẹsì ni wọ́n ti rí i. A tún rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà tí ó wo ọmọ tó fi ọmú bọ́ lójú, tó wá bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ìyá ẹ?" ni ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa. Dókítà ní ọpọlọ ni àrùn náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀, pé kò sí oògùn tó máa wò ó, pé kí wọ́n kàn máa tọ́jú rẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ ni mo rí i tó ń bọ̀ láàárín títì gan-an. Yúnífọ́ọ̀mù àtijọ́ ló wọ̀, búláòsì búlúù àti síkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dè mọ́ níbàdí, ó sì gbé báàgì kọ́ èjìká. Tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ju aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mo sáré, mo dì í mú. Dẹ́rẹ́bà náà tẹ bíréèkì títí taya fi ń rùn.

"Fi mí sílẹ̀, jàre!" ó ní. "Ọkọ̀ aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ń bọ̀. Àbí ìwọ lo máa bá mi já tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èrò yẹn?"

Téṣàn tó ń sáré lọ, wọ́n ti wó o tipẹ́. Pákó ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ wọn wá, ó ra àgádágodo ńlá kan, ó ní, "Bàámi, ẹ máa ti géètì pa. Ẹ má wo ojú Màámi. Ọjọ́ tí mọ́tò bá gbá wọn, ta la máa bi?" Bàbá ti géètì. Ọjọ́ mẹ́rin ni màmá fi di irin géètì mú láàárọ̀, tó ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ pé àwọn èrò ń dúró de òun, pé wọ́n máa yọ òun níṣẹ́. Omijé a máa ṣàn dé kọ́là búláòsì yẹn. Ní ọjọ́ karùn-ún, bàbá ṣí àgádágodo, ó jù ú sínú àpótí tí ó ń kó àwọn fáànù tó ti kú sí, ó sì sọdá wá sọ́dọ̀ mi.

"Télọ̀," ó ní, "mi ò fẹ́ ìyàwó sílé kí n wá sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n. Bí kò bá lè lọ bá rélùwéè mọ́, rélùwéè á wá bá a nílé."

Mo wò ó. Mo rò pé àrùn náà ti ran òun náà ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin kékeré sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nìyẹn. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹrù ló kó jọ láti ẹ̀yìn ilé ìtajà kan, ó lù ú tọ́ lórí òkúta. Ó gé pákó àpótí wẹ́wẹ́, ó rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti lò nínú mọ́tò kí ikán má baà jẹ ẹ́, ó fi ayùn là á lójú méjì méjì, ó sì há irin náà sí ojú wọ̀nyí ní òró. Gígùn páálí ìṣáná kan ni àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló dà á láàmú jù. Níkẹyìn, ó mú ìdérí agolo ìpara kékeré, ó fi bóòtù so ó mọ́ ìdérí tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, kí ètè ńlá yẹn lè máa gbá irin mú kí ọkọ̀ má baà já bọ́. Agolo sàdíìnì ni ó fi ṣe kóòṣì èrò márùn-ún. Mọ́tò kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò tó ti bàjẹ́ ló fi sínú ọkọ̀ tó ń fa ìyókù, bátìrì sì ń tẹ̀ lé e nínú agolo mílíìkì.

Mo máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. "Bàbá Onífáànù, ṣé ìjọba ni yín ni, tí ẹ ń la ojú irin?"

"Ìbá ṣe pé ìjọba ni mí," ó ní, "ǹ bá ṣì wà lẹ́nu fífi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀."

Kò rọrùn fún un. Òjò wọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ lábẹ́ irin ní ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn, ó ní láti fọ́ búlọ́ọ̀kù wẹ́wẹ́ kó tó dúró. Kọ́nà rẹ̀ kọ́kọ́ há jù, gbogbo agolo á kàn dojú dé bí ọ̀mùtí. Nígbà tí ó wá tẹ̀ ẹ́ fẹ̀, irin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ́sàn-án gangan, á wú kúrò nílẹ̀ bí ejò. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó, kò mọ ohun tó fà á. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mú ṣòkòtò rẹ̀ tí mo gé lẹ́sẹ̀ wá. Màmá jókòó sí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Lójijì ló ní, "Ẹ ò fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí irin ti pàdé irin. Irin máa ń na nínú oòrùn. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Bàbá dìde. "Kí lo wí?"

Ṣùgbọ́n ó ti tún bá ibòmíràn lọ. Bàbá gé irin náà kúrú díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo oríkèé, kò sì wọ́ mọ́.

Oṣù kẹta ni ọkọ̀ náà yí ẹ̀yìnkùlé ká láìdúró. Ọmọ wọn wá lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ká ọwọ́ gbera. "Bàámi, ẹ̀ ń fi Màámi ṣe ọmọdé," ó ní, ó sì wọlé lọ. Bàbá fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ jáde, ó gbé ìjókòó fún un sí ẹ̀gbẹ́ irin, ó tan ọkọ̀.

Màmá wo àwọn agolo náà bí wọ́n ṣe ń kọjá. "Ta ló ni nǹkan ìṣeré yìí?" ó ní. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọrí sí géètì.

Bàbá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, kò sì fọ̀ ọ́.

"Télọ̀, mo ti mọ ibi tí mo ti ṣì í," ó ní. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn lobìnrin yìí kọ sí rélùwéè. Inú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì ló wà. Ó ń gbọ́ ariwo rẹ̀ ni. Ojú èèyàn ló ń rí."

Ọjọ́ kejì, ó gba pákó tábìlì ìgéṣọ mi àtijọ́, ó gé ojú fèrèsé kékeré sí i láàárín, ó kan pákó mọ́ ọn bí ẹsẹ̀, ó gbé e síwájú igi ọsàn, ó jẹ́ kí ojú irin gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Èmi ni mo mú páálí tí wọ́n fi ń ká aṣọ, mo gé e ní tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní igba. Ó so agogo kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì mú màmá jókòó sẹ́yìn fèrèsé náà. Ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tan ọkọ̀. Àwọn agolo náà ń pariwo bọ̀ lẹ́yìn màmá.

Mo rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó tẹ agogo.

"Ẹ tò sórí ìlà o!" ó ní. "Ẹni tó bá ń ti èèyàn, mi ò ní dá a lóhùn."

Èmi àti bàbá tò sórí ìlà.

Láti ọjọ́ náà, màmá kò dé ojú títì mọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko, bàbá á fọn fèrè rẹ̀ láàárọ̀, á wá dúró níwájú fèrèsé náà bí èrò. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ibo lẹ ń lọ?" Á dárúkọ ibi kan, á gba tíkẹ́ẹ̀tì, á dúpẹ́, á yípo, á tún wá tò. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fáànù rẹ̀. Ọmọ wọn wá rí i lọ́jọ́ kan. Ó kàn lọ tò sẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èrò ni bàbá di lójú ìyàwó rẹ̀, èrò ló sì wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ dá, màmá já tíkẹ́ẹ̀tì fún un tán, kò tètè fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀.

"Ẹ jọ ẹnì kan," ó ní. "Ọkùnrin kan wà tó máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì níbí. Kò síbi tó ń lọ. Èmi ló ń wá. Mo fẹ́ ẹ."

Bàbá sọ fún mi pé òun bi í pé, "Ṣé ó tọ́jú yín?" Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, ìgbà yẹn ni yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀.

"Ó tọ́jú mi. Ó kàn ti pẹ́ tí mo ti rí i ni." Ó wò yíká. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, ẹ bá mi sọ fún un pé kó wá mú mi lọ sílé. Ó ti rẹ̀ mí."

"Màá sọ fún un," ni bàbá wí.

Ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, ó fi orí ti ògiri. Ọkọ̀ náà ń yí títí bátìrì fi kú. Ní ìrọ̀lẹ́, ó di ọwọ́ màmá mú, ó ní, "Èmi nìyí. Èmi ni mo wá mú ẹ." Ẹ̀rù ba màmá, ó fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. Bàbá ò dán an wò mọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, màmá kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Ọmọ wọn gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wá jókòó tì í. Bàbá ṣì ń fọn fèrè láàárọ̀, ọkọ̀ ṣì ń gba abẹ́ fèrèsé yàrá kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ kan, oníbàárà kan wá gba fáànù. Bàbá jáde lọ gbé e fún un, ó ń fi bí yóò ṣe máa tẹ̀ ẹ́ hàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé. Kó tó padà wọlé, màmá ti dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wọn bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ. Ó kọ̀. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà fẹ́ padà, mo bá a di ẹrù. Ó bi bàbá rẹ̀ lójú mi pé, "Bàámi, ṣé Màámi tiẹ̀ dá yín mọ̀ nígbẹ̀yìn?"

"Rárá," bàbá ní. "Ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ mi láìdáa rí."

Ọmọ náà jókòó sórí àpótí ẹrù, ó sunkún títí mọ́tò tó fẹ́ wọ̀ fi lọ. Ọjọ́ kejì ló tó rìn.

Ojú irin náà ṣì wà níbẹ̀. Òjò ọdún yìí ti gbé òkúta lọ ní kọ́nà, koríko sì ti bo ibì kan mọ́lẹ̀. Mo ní kí n bá a wá ẹni tó máa ro ó. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Fáànù ni ó ń tún ṣe látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ọmọ rẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù láti bi í bóyá ó ti jẹun, á ní òun ti jẹ, nígbà tí mo sì mọ̀ pé kò dá iná rárá. Nítorí náà, mo máa ń gbé oúnjẹ sọdá. Ó máa ń jẹ ẹ́ tán, á fọ abọ́ náà, á nu ún gbẹ, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà wá fún mi, á kí mi kú iṣẹ́, á sì sọdá padà.