Mẹkáníìkì Tí Kò Fẹ́ Irin Aláìlórí

Ohùn mẹkáníìkì agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láyé òyìnbó, kò tíì kúrò létí mi. Kò fẹ́ràn sítọ́ọ̀dù, irin tó dà bíi bóòtù ṣùgbọ́n tí kò lórí. "Ohun tí kò lórí, báwo ló ṣe máa gbọ́n?"

Bó ṣe yọ sítọ́ọ̀dù ẹ́ńjìnnì tíṣà kan nìyẹn, tó fi bóòtù dè é.

"Ọ̀gá, ẹni tó ṣe ọkọ̀ ò gbọ́n ni?" ni tíṣà bi í.

"Òyìnbó ò mọ gbogbo nǹkan, sà."

Kí ọkọ̀ tó dé Apọ́ngbọ̀n, bóòtù ti tú. A tì í padà. Ọ̀gá ní, "Ẹ sáré jù, sà," ó sì ní kí gbogbo wa lọ jẹun. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, ó ń dá sítọ́ọ̀dù padà lọ́kọ̀ọ̀kan.