Ooru Ni Mo Wí, Oorun Lọkọ Mi Gbọ́

Ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tá à ń gbé Àpáta, bàbá bàbá rẹ ní bọ́ọ̀sì akérò kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín ìjókòó iwájú. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń jókòó sí lọ sí ìsọ̀ mi ní Dùgbẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èrò fún mi mọ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó ń jó mi lẹ́sẹ̀. Mo pariwo, "Bàbá wọn, ooru ń pa mí o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Oorun àná ò tó ẹ ni? Máa sùn, màá jí ẹ tá a bá dé."

Ẹkún ni mo sun dé Dùgbẹ̀. Mo ní ọkọ mi ò rí tèmi rò mọ́. Ìgbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ni wọ́n rí ẹsẹ̀ mi tó ti léròrò.

"Ṣebí mo ní ooru ń pa mí!"

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Oorun ni mo gbọ́!"

Wọn ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àwa méjèèjì fi àpò ìdọ̀họ ìlọ́po mẹ́ta àti rọ́ọ̀gì àlòkù bo ẹ́ńjìnnì náà, a sì fi rọ́bà táyà dí etí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn àti eruku ń gbà wọlé, kí ooru àti ariwo lè dín kù.

Ìgbà tá a tún jáde, mo rọra sọ ọ́ pé, "Bàbá wọn, oorun ń kùn mí."

Kíá ni wọ́n dẹ eré bọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ìyá wọn, ooru àbí oorun?"

"Oorun ni."

Mo sì sùn dé Dùgbẹ̀.